Láti Sarnath dé Lumbini: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Lójú Ọ̀nà Búdà, àti Ibi Tí Owó Ìjọba Dé

Ọ̀nà yìí gba ibi tí Búdà ti kọ́kọ́ wàásù, ibi tí ojú inú rẹ̀ ti là, ibi tí ó papò dà sí, ó sì parí sí ibi tí wọ́n ti bí i. Varanasi ní Íńdíà ló ti bẹ̀rẹ̀, Lumbini ní Nepal sì ni òpin rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ ni a háyà. Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé ìjọ́sìn. Ohun tí ìjọba fi owó ṣe lójú ọ̀nà ni a kọ sílẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Kí a tó gbéra

Oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ni àsìkò rẹ̀. Láti ìparí oṣù kejìlá títí dé àárín oṣù kìíní, kùrukùru máa ń bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Ganga. Ọkọ̀ ojú irin á pẹ́ ní wákàtí púpọ̀, ọkọ̀ òfurufú kò ní gbéra, awakọ̀ gidi á sì kọ̀ láti wakọ̀ kí oòrùn tó yọ. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, ooru máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ tẹ́ḿpìlì, òkúta gbígbóná á bó àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání. Wọ́n gba ìbọ̀sẹ̀ láàyè, bàtà nìkan ni wọn kò gbà.

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà, Benin, Togo tàbí Brazil bọ̀ gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ dání, ìyẹn yẹ́lò káàdì. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọ Íńdíà. Àìsí káàdì yìí lè mú kí wọ́n sé èèyàn mọ́lé títí dé ọjọ́ 6 nígbà tó bá balẹ̀. Ti Nepal le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Britain, Amẹ́ríkà tàbí Brazil lè ra físà ní ẹnubodè, 30 dọ́là fún ọjọ́ 15, 50 dọ́là fún ọjọ́ 30. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Nepal yọ kúrò nínú ètò yẹn. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ gba físà ní ẹ́ḿbásì kó tó gbéra nílé, nítorí ní Sunauli, ẹnubodè tí a máa gbà wọ Nepal, ẹ̀bẹ̀ kò ní ràn án.

Nítorí ọ̀rọ̀ físà yìí náà ni a ṣe fi Lumbini sí ìkẹyìn. Físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Íńdíà, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹni tó bá jáde sí Nepal láti orí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbójú lé e pé òun á tún fi físà kan náà wọlé padà láti orí ilẹ̀.

Orúkọ kan máa ń wà lára pátákó káàkiri ọ̀nà yìí: Swadesh Darshan. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fún ìrìn-àjò afẹ́ ló dá ètò náà sílẹ̀ ní 2014 sí 2015. Iṣẹ́ 5 ni wọ́n fọwọ́ sí lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀nà Búdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Uttar Pradesh, Bihar, Madhya Pradesh, Gujarat àti Andhra Pradesh. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san gbogbo owó ìkọ́lé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ́. Ẹ fi apá kejì yẹn sọ́kàn, torí òun ló ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí ẹ máa bá ní títì. Ní oṣù kìíní 2023 wọ́n tún ètò náà tò. Dípò kí wọ́n máa fọ́n owó káàkiri ojú ọ̀nà gígùn, ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yàn báyìí. Ní Bihar, Gaya àti Nalanda ni wọ́n yàn.

Ọjọ́ kìíní: Sarnath

Láti àárín ìlú Varanasi dé Sarnath, ibi tí Búdà ti kọ́kọ́ wàásù, nǹkan bí 10 km ni. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó o, ṣùgbọ́n ẹ dá iye owó lójú kí ẹ tó jókòó.

Àjọ awalẹ̀pìtàn ti ìjọba ló ń ṣọ́ ọgbà náà. Ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń ṣí i, oòrùn wọ̀ ni wọ́n ń tì í. Àjèjì ń san 300 rupee, ọmọ Íńdíà ń san 25. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú SAARC àti BIMSTEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè àdúgbò Íńdíà, irú bíi Sri Lanka, Thailand, Myanmar àti Nepal, iye tí ọmọ onílé ń san ni àwọn náà ń san. Àwọn ará Vietnam, Korea àti Japan kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, nítorí náà 300 ni tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn kan náà ló gbé gbogbo wọn wá. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àdúgbò ni, kò kan ìjọ́sìn. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí 50 rupee yọ, ṣùgbọ́n káàdì báńkì òkèèrè kì í fìgbà gbogbo wọlé. Ẹ mú owó sílẹ̀ dání.

Dhamek ni stupa tó ga jù níbẹ̀. Òkìtì bíríkì àti òkúta ribiti ni stupa, èyí tí wọ́n máa ń mọ sórí ohun mímọ́ tàbí láti fi sàmì sí ibi mímọ́. Gíga Dhamek jẹ́ 43.6 m, ìbú rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ sì tó 28 m. Apá ọ̀tún ni kó máa wà sí yín bí ẹ ṣe ń yí i ká. Orí òpó tí Ashoka, ọba Íńdíà láyé àtijọ́, rì mọ́lẹ̀, ìyẹn kìnnìún 4 tó kẹ̀yìn síra wọn, wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà. Òun ni Íńdíà sọ di àmì ìjọba rẹ̀ ní 26 oṣù kìíní 1950. Ilé yìí kì í ṣí ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò láti òkèèrè kò mọ̀, wọn a kó èrò dé ẹnu ọ̀nà títì.

Wíwá ilé ìyàgbẹ́ nínú ọgbà àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń ṣòro, ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló fà á. Láti 2010, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ́ ilé tuntun láàárín 100 m sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́, ìkọ́lé láàárín 200 m tó tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Òfin dáadáa ni, òun ni kò jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì bo Dhamek mọ́lẹ̀. Kò sì ka ilé ìyàgbẹ́ aráàlú àti iṣẹ́ omi mọ́ ìkọ́lé tó fòfin dè, síbẹ̀ ìbòòji, ibi mímu omi àti ilé ìyàgbẹ́ kò sún mọ́ ibi tí àgbàlagbà ọmọ ọdún 70 ti ń rìn láti àárọ̀. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ní ìta ọgbà, títì tí wọ́n tún ṣe àti ibi ìrìn ẹsẹ̀ jẹ́ ara ohun tí ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh gbé lé èjìká owó tó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Ní 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí owó náà, mílíọ̀nù 40 dọ́là, fún Agra, agbègbè Braj àti ọ̀nà Búdà. Ohun tí ètò náà ṣèlérí ni pé kí àwọn tálákà tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà rí jẹ níbẹ̀. Ìlérí yẹn ṣọ̀wọ́n nínú irú iṣẹ́ báyìí, ó sì dára kéèyàn fi wo ohun tó ń bọ̀ ní Bodh Gaya.

Ọjọ́ kejì: Varanasi sí Bodh Gaya

Nǹkan bí 250 km ni, lójú títì ńlá NH19. Wákàtí 5 sí 6 ni, bí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá dí ọ̀nà. Aago 5 ìdájí ló yẹ kí ọkọ̀ gbéra, àyàfi lásìkò kùrukùru. Ẹni tó bá fẹ́ràn rélùwéè, ibùdókọ̀ Pandit Deen Dayal Upadhyaya tó wà ní òdìkejì odò ni kó lọ, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Gaya ti ń kọjá.

Odò Karmanasa ni ààlà Uttar Pradesh àti Bihar. Láti oṣù kẹrin 2016, Bihar ti fòfin de ọtí pátápátá: títà, mímu àti gbígbé e sínú ọkọ̀. Òfin yìí kò yọ àjèjì sílẹ̀, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ tí wọ́n bá bá ọtí nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sọdá, ẹ yẹ bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tí ẹ háyà wò, torí ìgò tí oníbàárà àná gbàgbé lè di wàhálà tiyín.

Ní Bodh Gaya, ilé àwọn mọ́ńkì orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń gba àlejò: Thailand, Bhutan, Japan, Sri Lanka, Tibet, Myanmar. Ìtàn bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe dé ibẹ̀ ni ìpilẹ̀ gbogbo ètò ìjọba tí à ń sọ. Ní 1956, nígbà tí ayé ń ṣe àjọ̀dún 2,500 ọdún Búdà, ìjọba Nehru, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, pe àwọn orílẹ̀-èdè ẹlẹ́sìn Búdà pé kí wọ́n wá kọ́ ilé síbẹ̀. Thailand ló kọ́kọ́ dáhùn. Ilẹ̀ ni Íńdíà fún wọn, owó ìkọ́lé àti ìtọ́jú sì di tiwọn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí, irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni omi kì í tán níbẹ̀, torí ẹni tó kọ́ ọ ló ń gbé inú rẹ̀.

Nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, àwọn ìpàdé àdúrà ńlá ti àwọn ará Tibet máa ń kún ìlú náà. Ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù bíi mẹ́ta ṣáájú, tàbí kí ẹ sùn ní Gaya, ìrìn kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta: Tẹ́ḿpìlì Mahabodhi

Aago 5 ìdájí ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago 9 alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Lẹ́yìn tí àwọn kan ri bọ́ǹbù mọ́bẹ̀ ní 7 oṣù keje 2013, wọ́n mú ètò ààbò le gan-an. Fóònù kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Àpótí onítìí wà ní ìta níbi tí ẹ máa fi í sí. Kámẹ́rà lè wọlé bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ètò tí kì í fi àkókò ṣòfò nìyí: ẹ fi fóònù, ṣájà àti báńkì iná sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ mú owó kékeré, ìbọ̀sẹ̀ àti omi nìkan, ẹ dé ẹnu ọ̀nà kí aago 5 tó lù. Ní aago 9 àárọ̀, ìlà àyẹ̀wò á ti gùn débi pé ẹni tó gbàgbé fóònù sápò á padà sẹ́yìn pátápátá.

Tẹ́ḿpìlì náà ga tó 55 m. Cunningham àti Beglar, awalẹ̀pìtàn ìgbà ìjọba Britain, ló ṣáájú àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣe sí i ní àwọn ọdún 1880, àjọ UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 2002. Wúrà tó wà lórí ṣóńṣó rẹ̀, tó lé ní 280 kg, láti Thailand ló ti wá ní 2013. Igi bodhi, tí ìtàn sọ pé abẹ́ irú rẹ̀ ni ojú inú Búdà ti là, wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Àtìrandíran igi àtijọ́ ni, Cunningham ló gbin èyí lẹ́yìn tí ti àtẹ̀yìnwá wó. Òpó irin ló gbé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó wúwo dúró, àwọn onímọ̀ nípa igbó láti Dehradun sì máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé tó bá já fúnra rẹ̀ ṣeé ṣà, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ já a.

Ta ló ni àkóso? Òfin Bihar ti 1949 fi tẹ́ḿpìlì sí abẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Ẹlẹ́sìn Búdà 4 àti ẹlẹ́sìn Híńdù 4 ló wà nínú rẹ̀, gíwá àgbà ìjọba ní agbègbè Gaya sì ni alága. Títí di 2013, bí gíwá náà kì í bá ṣe Híńdù, wọ́n á yan Híńdù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n ìyókù òfin ṣì wà. Láti oṣù kejì 2025 ni àwọn mọ́ńkì ti jókòó ní Bodh Gaya tí wọ́n ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń béèrè pé kí àkóso di ti ẹlẹ́sìn Búdà pátápátá. Ẹ lè bá wọn pàdé. Ẹ má ya fọ́tò wọn láìgbàṣẹ. Àlejò tó ní físà ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ dara pọ̀ mọ́ ìwọ́de, bí ọ̀rọ̀ náà ti wù kó wọ̀ ọ́ lára tó.

Ní 23 oṣù keje 2024, nígbà tí mínísítà ètò ìnáwó Nirmala Sitharaman ń ka ìṣúná, ó kéde pé ìjọba àpapọ̀ máa ṣètìlẹ́yìn fún kíkọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá sí Mahabodhi àti sí tẹ́ḿpìlì Vishnupad ní Gaya, kí àwọn méjèèjì lè jọ ti Kashi Vishwanath ní Varanasi. Ẹni tó bá ti rí ti Varanasi, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá 2021, mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Wọ́n ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé, wọ́n wó wọn, wọ́n sì fi òkúta tẹ́ gbogbo ilẹ̀ dé etí odò. Èrò ń rìn fàlàlà níbẹ̀ báyìí, ọ̀nà jíjáde lásìkò ìjàǹbá sì ti wà. Ṣùgbọ́n ní Bodh Gaya, iwájú tẹ́ḿpìlì ni àwọn tó ń ta òdòdó, fìtílà àti ẹ̀gbà àdúrà ti ń jẹun. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá máa wá, ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni ìwé orúkọ àwọn ọlọ́jà yìí àti ibi tí wọ́n máa kó lọ, ibi tí ẹsẹ̀ èrò máa dé. Ọjà tuntun tó wà níbi tí èrò kì í gbà kọjá, ìsinkú ọjà ni.

Ilé ìpàdé ńlá tí wọ́n fi owó Swadesh Darshan kọ́ wà nínú ìlú kan náà. Nǹkan bí bílíọ̀nù 1 rupee owó ètò náà ló lọ sí i. Àwọn ará Íńdíà á pè é ní 100 crore, torí mílíọ̀nù 10 ni crore kan. Ilé náà wúlò fún àpérò àgbáyé. Mọ́ńkì tó fi ẹsẹ̀ rìn wá kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin: Rajgir àti Nalanda

Láti Bodh Gaya dé Rajgir, nǹkan bí 75 km. Ẹ gun òkè Gridhrakuta, Òkè Igún, ní àárọ̀, kí oòrùn tó le. Ọ̀nà òkúta tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà Ọba Bimbisara ló gòkè. Ọ̀pọ̀ èrò ń gun ọkọ̀ orí wáyà lọ sí stupa àlàáfíà tí àwọn mọ́ńkì Japan kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1969, wọ́n á sì fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Òkè Igún láti ibẹ̀. Ìjókòó ẹyọ kan tí kò ní ìbòrí ni ọkọ̀ àtijọ́. Láti 2021, èyí tó ní ilé àti ilẹ̀kùn ti wà, arúgbó àti ọmọdé sì lè gun ìyẹn láìfòyà. Ní ọjọ́ ìsinmi, ìlà tíkẹ́ẹ̀tì lè gba wákàtí 2. Ọ̀bọ pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má gbé oúnjẹ sínú ọ̀rá tí wọ́n lè rí.

Nalanda kò ju 15 km lọ síbẹ̀. Ogún àgbáyé ni láti 2016, nítorí náà 600 rupee ni tíkẹ́ẹ̀tì àjèjì. Ilé ẹ̀kọ́ ni, àwọn mọ́ńkì kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, Xuanzang, mọ́ńkì láti Ṣáínà, sì gbé níbẹ̀ ní ọ̀rúndún keje. Wákàtí 2 tó fún un pẹ̀lú afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ náà, torí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pọ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ sì pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ gbà lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba ti ń kọ́ àwọn afinimọ̀nà ní èdè Thai, Japan, Vietnam àti Ṣáínà, ṣùgbọ́n nílùú kékeré bíi Nalanda wọn kò pọ̀. Ẹ bá wọn ṣètò láti Patna tàbí Bodh Gaya.

Yunifásítì Nalanda tuntun, tí Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, ṣí ọgbà rẹ̀ ní 19 oṣù kẹfà 2024, wà ní Rajgir, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù. Awakọ̀ máa ń gbé àlejò lọ síbẹ̀ láìbéèrè.

A sùn ní Patna.

Ọjọ́ karùn-ún: Vaishali, Kesaria, Kushinagar

Ọjọ́ tó gùn jù nìyí, nǹkan bí 270 km, lórí títì tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Ẹ kọjá afárá odò Ganga kí aago 6 tó lù.

Ní Kolhua, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vaishali, òpó Ashoka pẹ̀lú kìnnìún kan ṣoṣo lórí ṣì dúró níbi tí wọ́n rì í mọ́. Ìtàn sọ pé Vaishali ni Búdà ti kọ́kọ́ gbà kí àwọn obìnrin di mọ́ńkì. Ohun tuntun ibẹ̀ ni stupa òkúta ńlá tó ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nínú, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Bihar ṣí ní oṣù keje 2025. Àpótí ohun mímọ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Vaishali, tó ti wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Patna fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n gbé padà síbẹ̀. A gbà pé owó yìí lọ síbi tó yẹ. Tẹ́lẹ̀, èrò ń dé Vaishali, wọ́n ń wo òkìtì tó ṣófo, wọ́n sì ń lọ. Báyìí wọ́n ní ìdí láti sùn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kò tíì pọ̀.

Kesaria: stupa tó ga tó 30 m, apá kan rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ igi. Wákàtí kan tó.

Ọjọ́ kẹfà: Kushinagar

Ibi tí Búdà papò dà sí. Ère rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì gùn tó 6.1 m, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti ara rẹ̀, ó sì ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún. Carlleyle, awalẹ̀pìtàn kan, ló hú u jáde ní 1876. Àwọn èrò máa ń fi aṣọ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú bò ó. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó mú aṣọ tó gùn tó dání, kó sì dúró de ipò rẹ̀. Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà.

Ibí ni wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ pápákọ̀ òfurufú. Ní 20 oṣù kẹwàá 2021 ni Modi ṣí pápákọ̀ òfurufú àgbáyé ti Kushinagar. Ọ̀nà ìgbéra rẹ̀ gùn tó 3,200 m, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.6 rupee ló sì lọ sí i. Ọkọ̀ òfurufú tó kọ́kọ́ balẹ̀ wá láti Colombo, àwọn mọ́ńkì Sri Lanka àti ohun mímọ́ ló kó wá. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọkọ̀ di ọ̀wọ́n. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Èrò ìsìn kì í wá sí ìlú kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ èèyàn 40 láti Bangkok fẹ́ balẹ̀ ní Gaya, kí wọ́n sì gbéra padà ní Varanasi tàbí Gaya, nítorí bọ́ọ̀sì kan náà ló ń gbé wọn kiri. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, èrò kò sí, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò lè fi oṣù mẹ́fà bọ́ oṣù méjìlá. Nítorí náà, Gorakhpur, nǹkan bí 53 km síbẹ̀, ni ẹ máa gbà bí ẹ bá ń bọ̀ láti Delhi. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó sọ pé Kushinagar láìwádìí bóyá ọkọ̀ ń lọ níbẹ̀ lóṣù yẹn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì wà tí pátákó kò sọ. Ère Maitreya, Búdà tí àwọn ẹlẹ́sìn náà gbà pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ ga ju 150 m lọ, ìjọba Uttar Pradesh sì fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ fún un. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ère náà kò sì dúró níbẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ keje: Sravasti

Ọ̀nà jìn, ó sún mọ́ 250 km, nípasẹ̀ Gorakhpur àti Balrampur. Jetavana, tí wọ́n ń pè ní Sahet, ni ọgbà tí ìtàn sọ pé Anathapindika, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò kan, fi owó wúrà tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó tó rà á. Ìtàn sọ pé Búdà lo àsìkò òjò tó lé ní 20 ní Sravasti. Ó dákẹ́, igi pọ̀, ó sì wà lára ibi tí ìbòòji ti tó èèyàn. Pápákọ̀ òfurufú kékeré ṣí níbẹ̀ ní oṣù kẹta 2024, ọkọ̀ tí kò gbà ju èèyàn 19 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má gbé ètò yín kà á.

Ọjọ́ kẹjọ: Piprahwa, ẹnubodè Sunauli, Lumbini

Piprahwa ni Íńdíà ń pè ní Kapilavastu, ìlú ìgbà èwe Búdà. Nepal ní Tilaurakot tiwọn ni. Ẹ má dá sí ìjà yẹn. Ní 1898, Peppé, òyìnbó Britain kan tó ń bójú tó ilẹ̀ oko níbẹ̀, hú àpótí tó ní egungun àti ohun ọ̀ṣọ́ jáde níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n fẹ́ ta àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ní gbàǹjo ní Hong Kong. Ìjọba Íńdíà fi ìwé òfin dá a dúró, nígbà tó sì di oṣù keje, àwọn ohun náà ti padà sí Íńdíà, iléeṣẹ́ aládàáni kan ló ra wọ́n. Ìwé lásán ni ìjọba kọ, ó sì ṣe ju ohun tí ilé ìpàdé ńlá lè ṣe lọ.

Ẹnubodè Kakrahwa sún mọ́ Lumbini ju Sunauli lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbà á kọjá lójoojúmọ́. Ibi tó dá àjèjì lójú pé wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ ni Sunauli. Níbẹ̀, ìṣòro ni pé èèyàn lè kọjá láìmọ̀! Ààlà náà ṣí sílẹ̀, ọ́fíìsì Íńdíà sì wà lẹ́bàá ọ̀nà láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá géètì, ẹ wá gba òǹtẹ̀ ìwọlé ní ọ́fíìsì Nepal ní Belahiya. Bí òǹtẹ̀ ìjáde kò bá sí, wọ́n á dá yín padà. Ẹ mú dọ́là sílẹ̀ tó pé iye, àti àwòrán ojú yín. Owó rupee Íńdíà tí ẹ bá mú wọ Nepal, ó dára kó jẹ́ olówó 100 tàbí èyí tó kéré sí i. Ẹ sún aago yín síwájú fún ìṣẹ́jú 15.

Láti ẹnubodè dé Lumbini, nǹkan bí 26 km.

Ọjọ́ kẹsàn-án: Lumbini

Ọgbà yìí tóbi: máìlì 1 ní ìbú, máìlì 3 ní gígùn. U Thant, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, ló wá síbẹ̀ ní 1967, tó sì pe ayé sí i. Kenzo Tange, ayàwòrán ilé láti Japan, ló ya ètò rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní 1978, Nepal sì dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1985. Ìpín 3 ló ní: ọgbà mímọ́ ní gúúsù, agbègbè ilé àwọn mọ́ńkì láàárín, abúlé àlejò ní àríwá. Ìṣàn omi tí wọ́n gbẹ́ ló pín agbègbè àárín sí méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà: Theravada ní ìlà-oòrùn, Mahayana àti Vajrayana ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn gbogbo rẹ̀. Ẹ háyà kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí kẹ̀kẹ́ oníná fún ìdajì ọjọ́.

Nínú tẹ́ḿpìlì Mayadevi, tí wọ́n fi orúkọ ìyá Búdà pè, wọn kò gbà kí ẹ ya fọ́tò. Òkúta tí wọ́n gbà pé ó sàmì sí ibi tí wọ́n ti bí Búdà, tí wọ́n rí ní 1996, wà lábẹ́ gíláàsì. Omi tó ń sun láti ìsàlẹ̀ ti ń ba bíríkì àtijọ́ jẹ́. Ohun tó wà lára ẹ̀dùn UNESCO nìyẹn ní oṣù keje 2024, nígbà tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ jíròrò bóyá kí wọ́n fi Lumbini sára ogún tó wà nínú ewu. Wọ́n fún Nepal láyè sí i.

Lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì ni òpó Ashoka wà. Ọba náà wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 249 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì kọ ọ́ sára òkúta pé nítorí pé ibí ni wọ́n ti bí Búdà, òun dá abúlé Lumbini sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣákọ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìkórè ni kí wọ́n máa san. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni ọba kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ẹ bi àwọn tó ń ta omi ní ẹnu géètì báyìí léèrè iye tí wọ́n ń san fún àyè kí wọ́n tó ta ìgò kan.

Pápákọ̀ òfurufú Gautam Buddha ní Bhairahawa, tí báńkì ìdàgbàsókè Asia yá Nepal lówó fún, ṣí ní 16 oṣù karùn-ún 2022. Lọ́jọ́ kan náà gan-an ni Modi wá sí Lumbini, ṣùgbọ́n hẹlikópítà láti Kushinagar ló gbé e wá. Ọkọ̀ òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó dájú ni ti Kathmandu. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ẹ má ra ti àárọ̀, torí kùrukùru kì í sábà ká kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ má sì fi ọjọ́ kan náà so ọkọ̀ Kathmandu mọ́ ọkọ̀ tó ń gbé yín kúrò ní Nepal. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ á gba bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà òkè ni, wákàtí 8 sí 10, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òkè bá ya lulẹ̀ lásìkò òjò.